Lẹ́tà gbangba sí àwọn aláṣẹ ilé: ẹ̀gẹ́ ò mọ̀ pé ọ̀nà Ìmẹ̀kọ ò dáa

Sí gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn, sí àwọn aṣòfin tó ń ṣojú wa l'Ábẹ́òkúta àti l'Ábùjá, sí alága kánsù Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n àti àwọn kánsẹ́lọ̀, sí ẹ̀yin ọba àti ìjòyè wa gbogbo.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, a kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ẹ̀yin kábíyèsí wa, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Àwa tá à ń kọ̀wé yìí, ọmọ Ìmẹ̀kọ ni wá, ọmọ Àfọ̀n, ọmọ Ìlárá, ọmọ Ìwòyè, ọmọ Ìdọfà àti Ọ̀wọ̀dé-Kétu, ajé ló gbé wa wá sí Kétu ní Benin níbí, àwọn kan lára wa wà l'Ájàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, àwọn kan wà ní Pobè. Awakọ̀ wà láàárín wa, télọ̀ wà, àwọn ọmọ tó ń gun zémíjàn, ìyẹn ọ̀kadà tibí, wà, tíṣà wà, àmọ́ àwọn ìyá tó ń ta àgbàdo àti gàárì ló pọ̀ jù. Ní ìpàdé wa tó kọjá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ni wọ́n bá ní kí èmi akọ̀wé kọ ohun tá a sọ ránṣẹ́ sílé, wọ́n ní kí n má kọ ọ́ bí ìwé ọ́fíìsì, kí n kọ ọ́ bá a ṣe sọ ọ́ gan-an. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Tó bá gùn jù ẹ forí jì wá, ó ti pẹ́ nínú wa ni.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí mo fojú ara mi rí. Nígbà òjò tó kọjá mo lọ sílé lọ wo ìyá mi, mo ní nǹkan tí mo fẹ́ ṣe l'Ábẹ́òkúta kọ́kọ́, torí náà ọ̀nà Ayétòrò ni mo gbà wọlé. Nígbà tá a dé nǹkan bí ìdajì ọ̀nà, lọ́rì kan ti rì sínú ẹrẹ̀ débi pé táyà ẹ̀yìn ò ṣe é rí mọ́, ẹ̀gẹ́ tútù ló kó, wọ́n ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́, ọjọ́ kẹta tó ti wà lójú kan náà nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ ń gbẹ́ ẹrẹ̀, wọ́n ń ki ẹ̀ka igi bọ abẹ́ táyà, wọ́n ń tì í, kò lọ. Obìnrin tó ni ọjà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lórí kẹ́ẹ̀gì tó dojú ẹ̀ délẹ̀. Mo kí i, ó dá mi lóhùn, lẹ́yìn náà ló fa ẹ̀gẹ́ kan yọ nínú ọkọ̀, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó nà án sí mi. Inú tó yẹ kó funfun báláú ti ní ilà dúdú dúdú káàkiri, àfi bí ẹni pé ẹnì kan fi aró fa ilà sí i, ó sì ti ń rùn wá díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀gẹ́ ò mọ̀ pé ọ̀nà ò dáa o, tó bá ti kúrò nílẹ̀, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta náà ni tiẹ̀." Ó wá ní ká ní òun mọ̀ ni, Kétu lòun ì bá gbé e lọ.

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé lọ sípàdé. Torí àwa tá a wà ní Kétu yìí gan-an là ń jẹ nínú ẹ̀, ká má purọ́. Àgbàdo tó yẹ kó lọ sí Abẹ́òkúta àti Èkó, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Gàárì, láfún, ẹ̀gúsí, ẹ̀wà, ata gbígbẹ, kàṣú, èédú, ọ̀dọ̀ wa ni. Àwọn ìyá inú ẹgbẹ́ wa ń rà á, wọ́n ń tà á, òun ni wọ́n fi ń rán ọmọ níléèwé. Tó bá ṣe pé àpò tiwa nìkan là ń rò, ó yẹ ká panu mọ́. Àmọ́ ẹni tó ń tà á fún wa, bàbá wa ni, àbúrò ìyá wa ni, a sì mọ̀ nínú ọkàn wa pé iye tá a ń rà á lọ́wọ́ wọn, torí pé wọn ò ríbi gbé e gbà ni wọ́n ṣe ń gbà á. Àgbẹ̀ tó jẹ́ pé ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló ṣí fún un, ẹni tó wá rajà ló ń dá iye lé e, òun kọ́.

Kì í ṣe pé a kórìíra Kétu o. Ta ló máa kórìíra orírun ẹ̀? Kí òyìnbó tó dé, abẹ́ Alákétu ni Ìmẹ̀kọ wà, èdè kan náà là ń sọ, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan náà là ń jó, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí kan náà tí UNESCO kéde lọ́dún 2001 pé ogún gbogbo aráyé ni. Àwọn àgbà sọ fún wa pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣí, wọ́n dúró ní Òkè-Ọ̀yán, wọ́n dúró ní Àró, kí ọba Ẹ̀dẹ tó kó wọn dé ibi tí Kétu wà dòní. Lọ́dún 1886 Dàhọ̀mì lábẹ́ ọba wọn Glele fọ́ Kétu, wọ́n kó èèyàn lẹ́rú lọ sí Abomey, nígbà tí Faransé wá ṣẹ́gun Dàhọ̀mì tán ni àwọn tó ṣẹ́kù padà wá tún ìlú dó ní nǹkan bí 1894. Ẹnubodè àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Akaba Ìdẹ̀nà ṣì wà níbẹ̀, mò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí mo bá ń lọ sọ́jà.

Àmọ́ láàárín ìgbà tí Kétu fọ́ àti ìgbà tí wọ́n tún un kọ́, àwọn kan ti jókòó ní Paris lọ́jọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti fi ilà pín wa, kò sẹ́ni tó bi Alákétu, kò sẹ́ni tó bi Onímẹ̀kọ. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ti Ìlárá ló wá ń ṣe mí láàánú jù, ìlú kan ṣoṣo, apá kan di Nàìjíríà, apá kan di Benin, ọmọ ìyá méjì ń lo ìwé ìrìnnà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ tiwa, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé ẹ̀ ṣèwádìí ọ̀rọ̀ ààlà, ti kọ́ wa nípa ohun tó tẹ̀lé e: nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tí Faransé ń fipá mú ọmọkùnrin lọ sógun, tí wọ́n ń kó èèyàn ṣiṣẹ́ tipátipá, àwọn ará ibí yìí palẹ̀ ẹrù mọ́, wọ́n kó ọmọ àti ìyàwó, wọ́n sọdá sí ọ̀dọ̀ wa lápá Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n wá forí pamọ́ sí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo ṣì ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ẹ wo bí ilẹ̀ wa ṣe tóbi tó. Ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n yọ lára Yewa North lọ́dún 1996, ó fẹ̀ tó 1,711 kìlómítà onígun mẹ́rin, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2006, 82,217 péré la jẹ́, nínú èèyàn Ògùn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀. Ilẹ̀ pọ̀, èèyàn ò pọ̀. Ẹ̀yin àti àwa la jọ mọ ohun tó ń tìdí ẹ̀ yọ nígbà ìbò, ibi tí ìbò bá pọ̀ sí ni ọ̀dà máa ń kọ́kọ́ dé, ibi tí àgbàdo pọ̀ sí máa ń dúró de ẹ̀yìn. A ń bẹ̀ yín pé ẹ má fi iye orí wa díwọ̀n wa, iye irè tó ń jáde nínú ilẹ̀ wa ni kí ẹ fi díwọ̀n wa.

Torí ilẹ̀ náà dáa. Kì í ṣe igbó kìjikìji, kì í ṣe aṣálẹ̀, ọ̀dàn tó ní igi ni, igi òrí wà níbẹ̀, igi irú wà, kàṣú ti pọ̀ gan-an báyìí, odò Ọ̀yán wà lápá ìlà oòrùn wa, odò Yewa wà lápá ìsàlẹ̀. Òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó máa ń sinmi díẹ̀ lóṣù kẹjọ, á tún wá padà dé, ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ tó bá ní ọwọ́ àti okun ṣe lè gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Òwú làwọn bàbá bàbá wa ń gbìn nígbà kan. Lónìí ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló gba oko, àti iṣu, àti ẹ̀gúsí, àti ata. Iṣẹ́ gàárì wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin látòkèdélẹ̀, wọ́n á bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ lọ rin ín, wọ́n á dì í sápò fún ọjọ́ mélòó kan kí omi ẹ̀ lè gbẹ, wọ́n á kù ú, wọ́n á wá yan án nídìí iná títí ojú wọn á fi pọ́n. Ẹni tí kò bá tíì jókòó ti agbada gàárì lóṣù kejì tí ooru mú, kò lè mọ ohun tí kóńgò gàárì kan gbà.

Ẹ̀rọ tí mo sọ yẹn ń lo epo. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ epo. Ní oṣù kọkànlá 2019, nígbà tí bọ́ọ̀dà wà ní títì, àṣẹ jáde láti Àbújá pé wọn ò gbọ́dọ̀ já epo sí ilé epo kankan tí kò bá jìn tó ogún kìlómítà sí bọ́ọ̀dà. Wọ́n ní torí àwọn tó ń kó epo sọdá ni. A mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n ń kó o sọdá, àwa náà ń rí i níbí, kpáyò tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Kétu àti Àjàṣẹ́, kò sẹ́ni tí ò mọ ibi tó ti wá. Àmọ́ ẹ fojú wo máàpù kí ẹ wò ó. Ìlárá, Ìwòyè, Ìmẹ̀kọ fúnra ẹ̀, inú ogún kìlómítà yẹn ni gbogbo wọn wà. Ìyá tó fẹ́ rin ẹ̀gẹ́ ní Ìlárá kì í ṣe olówò fàyàwọ́, lítà méjì ló ń wá, àṣẹ tí wọ́n torí ọlọ́kọ̀ ńlá ṣe ni òun ń jìyà ẹ̀. Ó wá di pé ará Nàìjíríà tó ń gbé lórí ilẹ̀ Nàìjíríà ń ra epo Nàìjíríà lọ́wọ́ ẹni tó gbé e pamọ́, níye tó ju ti ìlú ńlá lọ. Látọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo, ó ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Epo tó wọ́n yìí náà ni ẹ̀rọ ìrẹ́gẹ́ ń mu, òun náà ni ọ̀kadà tó ń gbé àpò jáde láti oko ń mu, tẹ́ ẹ bá wá bi àgbẹ̀ pé kí ló kù sọ́wọ́ ẹ̀, á kàn máa wò yín ni.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dà náà rèé. Wọ́n tì í láti 1984 títí di 1986, àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ wa ṣì ń sọ ọ́. Wọ́n tún tì í lóṣù kẹjọ 2019. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i, Sèmè ló kọ́kọ́ wà lára àwọn tí wọ́n ṣí lóṣù Kejìlá 2020, Ìdí-Ìrókò dúró di oṣù kẹrin 2022, a wo orúkọ tiwa nínú ìwé méjèèjì, a ò rí i. Ṣé èèyàn wá dẹ́kun lílọ bíbọ̀ ni? Kò dẹ́kun o. Ẹni tó ní oko lápá ọ̀hún ṣì ní láti lọ sóko, ẹni tí ìyá ẹ̀ kú ní Kétu ṣì ní láti wá sìnkú. Ohun tí títì yẹn ṣe ni pé ó sọ gbogbo wa di ẹni tó ń yọ́ rìn lórí ilẹ̀ baba ẹ̀, ẹni tó bá sì ń yọ́ rìn, ẹnikẹ́ni tó bá dúró lójú ọ̀nà lè nawọ́ sí i.

Mo fẹ́ sọ ti àwọn tó ń dúró lójú ọ̀nà yẹn, mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ kankan. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa gbé àpò àgbàdo mọ́kànlá wá láti ẹ̀yìn Ìlárá. Ó kọ iye tó san níbùdó kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ìkọ̀wé ọmọ ẹ̀, pẹ́ńsù ló fi kọ ọ́, ó gbé ìwé náà wá sípàdé, ó ní kí n kà á sókè. Mo kà á. Owó tó san lójú ọ̀nà ju èrè tó rí lórí àpò mọ́kọ̀ọ̀kànlá lọ. Kò gba rìsíìtì kankan. Bẹ́ẹ̀ ECOWAS ti fẹnu kò látọdún 1979 pé irè oko tó wá tààrà látinú oko ìlú kan sí ìkejì ò gbọdọ̀ san owó bọ́ọ̀dà, kò sì sí èyí tí kò fọwọ́ sí i nínú Nàìjíríà àti Benin. Àgbàdo obìnrin yẹn wà lábẹ́ àdéhùn yẹn, kò kàn sẹ́ni tó sọ fún un ni, kò sì sẹ́ni tó sọ fún ẹni tó dá a dúró.

Owó náà ti yí padà. Ní Ìwòyè tipẹ́tipẹ́ náírà àti sẹ̀fà, owó Benin, ni wọ́n jọ ń ná, ọmọ kékeré mọ bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ ẹ. Sẹ̀fà so mọ́ yúrò, 656 sẹ̀fà fẹ́rẹ̀ẹ́ ni yúrò kan, kì í mì, àmọ́ látigbà tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà 2023, náírà ti lọ sílẹ̀ gan-an. Oníṣòwò tó bá gbé sẹ̀fà wọ Ìmẹ̀kọ báyìí, owó tó máa fi ra àpò kan tẹ́lẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ra méjì. Àgbẹ̀ kan lè sọ pé ó dáa bẹ́ẹ̀, ó ṣáà rówó. Ó rówó lóòótọ́, àmọ́ ajílẹ̀ àti oògùn tó fẹ́ rà ti gbówó lórí, aṣọ iléèwé ọmọ ẹ̀ ti gbówó lórí, gàárì tí ìyàwó ẹ̀ yan tà lóṣù kejìlá, òun náà ni wọ́n ń wá rà padà lóṣù karùn-ún nígbà tí oúnjẹ bá wọ́n, níye tó ju èyí tí wọ́n tà á lọ, torí kò síbi tí wọ́n lè kó o pamọ́ sí. Mo ti rí gàárì tí wọ́n kó láti Ìmẹ̀kọ wá sí Kétu tó tún padà sọdá sí Ìmẹ̀kọ. Ó dùn mí gan-an lọ́jọ́ náà.

Mo ní mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ àwọn tó sá. Lọ́dún 2021, nígbà tí wàhálà àwọn darandaran àti àgbẹ̀ gbóná ní Yewa North àti lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n ń pa èèyàn, tí wọ́n ń sun ilé, àwọn ará abúlé sọdá wá sí Benin níbí. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀ tí wọn ò wọ bàtà. Obìnrin kan gbé adìyẹ kan ṣoṣo sábẹ́ apá, ó ní òun ò mọ ohun tóun á mú nígbà tóun ń sá, adìyẹ yẹn lọwọ́ òun bà. A pín wọn sínú ilé wa, àwọn ará Kétu náà gbà wọ́n, wọn ò bi wọ́n ní ìwé. Láyé bàbá bàbá wa, àwọn ará Kétu ló sá wá bá wa nítorí ìyà Faransé. Láyé tiwa, àwa la sá lọ bá wọn, kì í sì í ṣe òyìnbó ló ń lé wa. Àwọn gómìnà Gúúsù pàdé ní Asaba lóṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà, wọ́n ní kò sí fífi ẹran jẹko ní gbangba mọ́. A ò ní kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni, Fúlàní wà tó jẹ́ pé ibí ni wọ́n bí bàbá ẹ̀, tó ń sọ Yorùbá wa ju ọmọ Èkó lọ, wọ́n jìyà lọ́dún yẹn náà. Ohun tá a ń bẹ̀ fún ni pé kí ẹ̀ṣọ́ wà tó mọ inú igbó, tó máa dáhùn nígbà tí wọ́n bá pè é. Ọ̀pọ̀ oko tó wà lápá ibẹ̀ ti di igbó, ẹni tó ni ín ń gun zémíjàn ní Kétu níbí, mo mọ mẹ́rin lára wọn.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí Benin ń ṣe, kì í ṣe láti fi yín ṣe ẹlẹ́yà, ilé ẹni ni ilé ẹni. Láti Àjàṣẹ́ dé Pobè, láti Pobè dé Kétu, ọ̀dà ni. Òjò rọ̀, òjò ò rọ̀, mọ́tò ń lọ. Ní ti kàṣú, ìjọba wọn ní látọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2024 kàṣú tí wọn ò tíì ṣiṣẹ́ lé lórí ò gbọdọ̀ jáde nílùú mọ́, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ sí Glo-Djigbé tí wọ́n ti ń fọ́ ọ, tí wọ́n ń bó o, àwọn ọmọ ń rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Kàṣú tiwa ń jáde nínú àpò bí wọ́n ṣe ṣà á nílẹ̀, pẹ̀lú iyanrìn lára. Igi kàṣú ò yàtọ̀ síra. Ẹni tó gbìn ín ò yàtọ̀, àbúrò ni wọ́n sí ara wọn.

Ohun tá a ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀, ọ̀nà ló ṣáájú, ọ̀nà ló tún tẹ̀lé e. Ẹ ṣe ọ̀nà Ayétòrò sí Ìmẹ̀kọ dé Ìlárá, kó gba lọ́rì nígbà òjò, ẹ má da ilẹ̀ pupa sí i lóṣù kọkànlá nítorí àwọn àlejò. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọdọọdún làwọn ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́sítíà ń wọ́ wá sí Ìmẹ̀kọ nígbà Kérésì, Àjàṣẹ́ níbí ni Wòlíì Oshoffa ti dá ìjọ yẹn sílẹ̀ lọ́dún 1947, Ìmẹ̀kọ ni wọ́n sin ín sí lẹ́yìn tó kú ní 1985. Èrò máa ń pọ̀ bí eṣú. Inú wa ń dùn sí i, ó ń mówó wọlé. Àmọ́ ọ̀nà tó dáa fún ọ̀sẹ̀ méjì tí kò dé oṣù karùn-ún, ẹ̀gẹ́ obìnrin yẹn ò jàǹfààní ẹ̀. Ọ̀nà Ìlárá sí Ìjọ̀ún sí Ẹ̀gùá sí Ọjà-Ọ̀dàn náà, ẹ má gbàgbé ẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀yìn oko wa wà.

Owó ńkọ́? Lọ́jọ́ 11 oṣù keje 2024 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ fúnra wọn. A gbọ́ ọ níbí, a tò yí rédíò ká lọ́jọ́ náà, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Alága wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa iye tó ń wọlé fún Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n lóṣù, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì kí ọmọ iléèwé lè kà á. A ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá mọ iye tó wà nínú àpò ló lè mọ ohun tó ṣe é béèrè. Ká ní ọ̀nà ńlá ju agbára kánsù lọ, ojú ọ̀nà oko ò jù ú lọ, afárá onígi tó ti jẹrà ò jù ú lọ, ibi tí wọ́n á máa kó àgbàdo sí kí kòkòrò má jẹ ẹ́ náà ò jù ú lọ.

Ẹ̀yin aṣòfin wa l'Ábùjá, ọ̀rọ̀ epo àti bọ́ọ̀dà wà lọ́wọ́ yín. Ẹ bá wa sọ ọ́ kí wọ́n yọ ìlú tí èèyàn ń gbé kúrò nínú àṣẹ ogún kìlómítà, bí wọ́n bá tiẹ̀ fẹ́ ka iye lítà tí ilé epo kọ̀ọ̀kan á máa gbà, kí wọ́n kà á. Ẹ bá wa bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n ṣí Ìlárá ní gbangba fún irè oko, kí ọ́fíìsì kan ṣoṣo wà níbẹ̀ tó ń fúnni ní rìsíìtì, kí wọ́n kó gbogbo okùn tó kù lójú ọ̀nà kúrò. Tí wọ́n bá ní kí obìnrin yẹn san ẹgbẹ̀rún kan náírà kó sì gba ìwé, á san án, á máa dúpẹ́.

Àwa náà ò káwọ́ lẹ́rán. A ti dá owó jọ ra ẹ̀rọ ìrẹ́gẹ́ kan fún àwọn obìnrin abúlé kan lápá Ìdọfà, ó ń ṣiṣẹ́, àyàfi ọjọ́ tí wọn ò bá rí epo. A ní àwọn awakọ̀ tó mọ gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà yẹn láti Ayétòrò dé ilé, tí ẹ bá rán ẹnjiníà wá, wọ́n á gbé e, wọ́n á fi hàn án ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ò ní gba kọ́bọ̀. Ìwé tí ìyá wa fi pẹ́ńsù kọ yẹn náà wà lọ́wọ́ mi, mo ti dì í sínú ọ̀rá kí omi má kàn án.

A ń bọ̀ wálé fún ọdún Kérésì, a máa wọ̀lú lọ́jọ́ 23 oṣù kejìlá. A fẹ́ kí ẹ gbà wá lálejò ní sẹkitéríàtì Ìmẹ̀kọ lọ́jọ́ tó bá wù yín láàárín ìgbà yẹn sí ọjọ́ kejì oṣù kìíní, kódà kó jẹ́ wákàtí kan péré. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa wá sí Kétu, a máa pa ẹran, a máa se láfún àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, a sì máa mú yín lọ kí Alákétu.

Àwa ni ọmọ yín,
Ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n tó wà ní Kétu, Pobè àti Àjàṣẹ́.